Oúnjẹ Lẹ́yìn Ogun: Ọ̀nà tí Ìrànwọ́ Gbà Wọlé àti Ọwọ́ tí Ó Pín In

Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ní Ìkòròdú, tí ó ń lọ sí Ṣágámù, yóò kọjá ní Ògijo. Ohun tí ojú kọ́kọ́ ń rí níbẹ̀ lónìí ni èéfín ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń yọ́ irin, àti àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ńláńlá tí wọ́n tò sí ẹ̀bá ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ìtàn ọ̀nà apá ibí yìí ti pẹ́ ju ti ọkọ̀ lọ. Ilẹ̀ Rẹ́mọ ni ọ̀kan nínú àwọn ibi tí iyọ̀, aṣọ, ìbọn àti ẹ̀tù ń gbà kúrò létí ọ̀sà wọ àárín ilẹ̀ Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ẹni tí ó bá di ọ̀nà náà mú, ó di ọ̀nà ọ̀fun ẹlòmíràn mú. Nítorí èyí ni a sì ṣe jà lórí rẹ̀.

Láti ojú ọ̀nà yìí ni mo fẹ́ kí a ti wo ọ̀rọ̀ kan tí àwọn aláàánú àti àwọn onímọ̀ ìjọba ti ń jiyàn lé lórí láti ìgbà ogun Bìáfrà títí di òní. Nígbà tí ogun abẹ́lé bá parí, tí oúnjẹ, oògùn, aṣọ àti owó ń wọlé láti ọ̀dọ̀ àwọn tí àánú ṣe, ṣé àlàáfíà ni nǹkan wọ̀nyí ń mú wá, tàbí ìjà mìíràn? Àwọn kan ní ìrànwọ́ kò lè ṣe ibi, nítorí ẹni tí ebi ń pa kì í gbọ́ ìwàásù. Kí a kọ́kọ́ bọ́ ọ ná. Àwọn mìíràn ní ìrànwọ́ ni epo tí a ń bù sí iná. Èrò tèmi ni pé ìhà méjèèjì ń wo iye ohun tí a fi ránṣẹ́ nìkan. Ohun tí ó ń pinnu ni ọ̀nà tí ó gbà wọlé, ọwọ́ tí ó pín in, àti ẹni tí ó dúró ní ẹ̀gbẹ́ kan tí ó ń wò ó bí a ti ń pín in tí kò kàn án.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ní ọdún 1860 ni ogun bẹ́ sílẹ̀ láàrin Ìbàdàn àti Ìjàyè, ìlú Kúrunmí. Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè, ṣùgbọ́n Ìbàdàn dí ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà wọ ìlú náà láti Òkè-Ògùn, ebi sì wọlé tọ àwọn ará ìlú. Òbí tí kò rí ohun tí yóò fún ọmọ jẹ mọ́ a mú un lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó oníwàásù tí ó wà níbẹ̀: Adolphus Mann ti ìjọ CMS, àti Phillips òun Stone, àwọn Onítẹ̀bọmi tí ó ti Amẹ́ríkà wá. Àwọn Onítẹ̀bọmi kó púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí lọ sí Abẹ́òkúta. Ní oṣù Kẹta ọdún 1862, Ìjàyè fọ́. Ọwọ́ àwọn ọmọ-ogun Ìbàdàn tẹ òyìnbó CMS kan níbẹ̀, Edward Roper, wọ́n sì mú un ní ìgbèkùn bí ẹni tí ó wà ní apá ọ̀tá. Ní ojú ara rẹ̀, iṣẹ́ Ọlọ́run ni ó ń ṣe. Ní ojú ẹni tí ó wà lẹ́yìn odi, ẹni tí ó ń gbé nínú ìlú tí a ń bá jà ni.

Ní Ìbàdàn náà, David Hinderer àti Anna aya rẹ̀ ń tọ́ àwọn ọmọdé nínú ilé wọn. Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ti dí ọ̀nà Èkó. Owó wọn wà ní Èkó, ẹrù wọn wà ní Èkó, kò sì sí ibi tí yóò gbà dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó di dandan kí wọ́n máa ta ẹrù ilé wọn kí àwọn àti àwọn ọmọ náà tó rí jẹ. Ẹ kíyè sí i pé àánú kò tán ní Èkó ní gbogbo àkókò yìí, owó kò sì tán. Ọ̀nà ni kò sí, ọ̀nà yìí kan náà tí mo ń sọ.

Nígbà tí Ìjàyè fọ́ tán, ogun kò tán. Ó sọ̀ kalẹ̀ wá sí ilẹ̀ Rẹ́mọ, nítorí inú Ẹ̀gbá kò dùn sí àwọn ìlú Rẹ́mọ tí ó fẹ́ la ọ̀nà fún Ìbàdàn. Ìpẹru àti Mákùn wà lára àwọn ìlú tí ó jẹ nínú ìyà náà. Ní ọdún 1865 Ẹ̀gbá dó ti Ìkòròdú, títí Glover fi rán ọmọ-ogun láti Èkó tí wọ́n sì tú ibùdó Ẹ̀gbá ká ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún náà. Ṣágámù tí a mọ̀ lónìí, àkójọpọ̀ àwọn ìlú Rẹ́mọ ni, tí ogun ọ̀rúndún yẹn mú kí wọ́n kó ara wọn jọ sí ojú kan. Ẹni tí a bí sí irú ìlú bẹ́ẹ̀ kò nílò olùkọ́ tí yóò sọ fún un pé kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ó ń lọ lọ́wọ́, àti lẹ́yìn tí ó parí, ẹni tí ó ní ọ̀nà ni ó ní oúnjẹ, ẹni tí ó sì ní oúnjẹ ni ó ní ènìyàn.

Ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ náà padà wá bá gbogbo Nàìjíríà. Ogun Bìáfrà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 1967, ó sì parí ní oṣù Kìíní ọdún 1970. Àwọn tí ó dàgbà nígbà náà kò lè gbàgbé àwòrán àwọn ọmọ tí ikùn wọn wú tí ẹsẹ̀ wọn gbẹ bí igi. Àwòrán wọ̀nyí dé London, Dublin, Paris àti New York, àwọn ènìyàn sì dá owó bí a kò ti í rí i rí. Àjọ àwọn ìjọ Krístì tí wọ́n ń pè ní Joint Church Aid nìkan fi ọkọ̀ òfuurufú lọ ju ìgbà 5,000 lọ, láti erékùṣù São Tomé pàápàá jù lọ, sí pápákọ̀ Úlì ní ilẹ̀ Ìgbò. Òru ni wọ́n ń fò, nínú òkùnkùn.

Ìdí tí ó fi jẹ́ òru ni kókó ọ̀rọ̀. Pápákọ̀ kan náà ni ọkọ̀ tí ó gbé ìbọn ń bà sí, ní òru kan náà. Ìjọba àpapọ̀ ní kí oúnjẹ gba orí ilẹ̀ kọjá, tàbí kí ọkọ̀ òfuurufú máa wá ní ọ̀sán kí a lè yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn olórí Bìáfrà kọ̀: wọ́n ní a ó fi májèlé sí oúnjẹ, wọ́n sì bẹ̀rù pé ojú ọ̀nà tí a bá là fún oúnjẹ ni ọmọ-ogun yóò gbà wọlé. Yàtọ̀ sí èyí, owó ilẹ̀ òkèèrè tí àwọn aláàánú ń ná níbẹ̀ wúlò fún ìjọba tí ó ń wá owó tí yóò fi ra ohun ìjà. Báyìí ni wàrà ọmọdé àti ọta ìbọn ṣe ń gba ọ̀nà kan náà wọlé, tí ìhà kọ̀ọ̀kan sì ń fi ebi ọmọdé ṣe ẹ̀rí sí ẹnì kejì. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 1969, ọkọ̀ òfuurufú ogun ìjọba àpapọ̀ yìnbọn lu ọkọ̀ ẹgbẹ́ Àgbélébùú Pupa kan, ó já, àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ sì kú. Kò pẹ́ sí i ni ìjọba gba àkóso gbogbo iṣẹ́ ìrànwọ́ kúrò lọ́wọ́ ẹgbẹ́ náà.

Mo sọ ti ìgbà ogun nítorí pé ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò lè lóye ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 1970, Gowon gba ìtúúbá àwọn olórí Bìáfrà, ó sì kéde pé kò sí aṣẹ́gun, kò sí ẹni tí a ṣẹ́gun. Ebi ṣì ń pa ọ̀kẹ́ àìmọye. Ayé retí pé kí àwọn ọkọ̀ òfuurufú São Tomé máa bọ̀ wá, ní ọ̀sán gangan báyìí. Gowon ní rárá. Ó ní Nàìjíríà kò ní gba ohunkóhun lọ́wọ́ àwọn tí ó ti ran Bìáfrà lọ́wọ́: ìjọba Portugal, ti South Africa, ti Rhodesia, ti Faransé, àjọ Caritas àti Joint Church Aid. Ẹgbẹ́ Àgbélébùú Pupa ti Nàìjíríà ni ó gbé ẹrù náà lórí, wọ́n sì bọ́ ènìyàn títí di ìparí oṣù Kẹfà ọdún náà, kí iṣẹ́ tó bọ́ sọ́wọ́ àjọ ìjọba tí ń rí sí àtúntò.

Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ilẹ̀ òkèèrè ni ó pe kíkọ̀ yìí ní ìkà. N kò lè sọ pé kò fa ìdádúró. Ọkọ̀ akẹ́rù kò tó, afárá ti wó, ọ̀nà sì ti bàjẹ́. Ẹni tí ó sì kú nínú ìdádúró bẹ́ẹ̀, kò sí àlàyé tí a lè ṣe fún ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú rẹ̀ tí a kò gbọ́dọ̀ fojú kéré. Oúnjẹ tí ẹni tí a ṣẹ́gun kọ́kọ́ jẹ lẹ́yìn ogun, ọmọ Nàìjíríà ni ó bù ú fún un. Kì í ṣe àlejò tí ó dúró láàrin wa tí yóò máa sọ pé, bí kì í bá ṣe tiwa, àwọn arákùnrin yín ì bá ti pa yín tán. Àwọn tí ó ti ń retí pé a ó pa wọ́n rí i pé gàrí ni a gbé wá. Mo gbàgbọ́ pé èyí wà lára ohun tí ó mú kí ogun náà parí pátápátá, tí ẹnikẹ́ni kò fi sá wọ igbó lọ máa bá a nìṣó, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní òkè òkun ti rò pé yóò rí.

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ ni pé ọwọ́ ọ̀tún ń pín gàrí, ọwọ́ òsì sì ń di àpò. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti lo owó rẹ̀ ní báńkì ní ilẹ̀ Bìáfrà nígbà ogun, iye yòówù kí ó ní tẹ́lẹ̀, ogún pọ́n-ùn ni wọ́n san fún un. Oníṣòwò tí ó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún gba £20. Ẹni tí ó ní díẹ̀ gba £20. Ọmọ ilẹ̀ Rẹ́mọ wa, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti Ìkẹ́nnẹ́, ni ó wà ní ipò Kọmíṣọ́nà fún ètò owó láti 1967 di 1971, orúkọ rẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ náà lẹ̀ mọ́ títí di òní. Ní ọdún 1983, ní Abẹ́òkúta, ó ṣe àlàyé ti ara rẹ̀ ní gbangba: ó ní kò sí ìwé ẹ̀rí tí a lè gbára lé nípa iye tí olúkúlùkù ní, ó sì ní nígbà tí òun lọ wo àwọn ìlú tí ogun ti jà, òun rí i pé àwọn ọmọ-ogun ni ó ń gba oúnjẹ tí a ń rán sí àwọn ará ìlú, ìdí nìyẹn tí a fi dá a dúró. Chinua Achebe kò gba irú àlàyé bẹ́ẹ̀. Ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 2012 dá àríyànjiyàn náà sílẹ̀ lákọ̀tun. Èmi kò kọ èyí láti dá ẹjọ́. A kàn ní láti rí i pé ohun tí àwọn ará ìlà-oòrùn rántí ju gàrí lọ ni ogún pọ́n-ùn náà. Nígbà tí ìjọba sì pàṣẹ ní 1972 pé kí a ta ìpín nínú àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó fún ọmọ ilẹ̀ wa, àwọn tí ó gba £20 ní ọdún méjì ṣáájú kò ní ohun tí wọn yóò fi rà.

Ẹ fi èyí wé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ilé. Ní Port Harcourt, wọ́n pe ilé àwọn Ìgbò tí ó sá lọ ní ohun-ìní tí a pa tì, ẹjọ́ rẹ̀ sì pẹ́ nílẹ̀ ju ogun fúnra rẹ̀ lọ. Ní Èkó àti ní Ìwọ̀-oòrùn, ọ̀pọ̀ onílé padà dé, wọ́n bá ilé wọn, àwọn mìíràn sì bá owó ilé tí a ti gbà pamọ́ dè wọ́n. Kò sí aláàánú ilẹ̀ òkèèrè kankan nínú èyí, a kò sì kà á sí ìrànwọ́ nínú ìwé. Síbẹ̀ bí ẹ bá bi mí léèrè ohun tí ó tún ìbágbépọ̀ ṣe jù lọ láàrin wa lẹ́yìn 1970, owó ilé tí a fi pamọ́ fún onílé ni n ó kọ́kọ́ dárúkọ.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù nípa Bìáfrà. Nígbà ogun, àwọn aláàánú kó bí ẹgbẹ̀rún márùn-ún ọmọdé lọ sí Gabon, Ivory Coast àti São Tomé. Ìgbàlà ni àwọn tí ó kó wọn pè é. Ìjọba àpapọ̀ fura sí i gẹ́gẹ́ bí ìjínigbé. Láti ìparí 1970 títí wọ 1971 ni a kó wọn padà wálé, lábẹ́ àbójútó àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí ń tọ́jú àwọn ogúnléndé.

Ogúnléndé: ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ẹgbẹ́ wa kì í kọjá lára ọ̀rọ̀ láì kí i. Ogun ni ó lé wọn dé. Èdè wa kò pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ẹni tí ó wá ibi ìsádi. Ó kọ́kọ́ dárúkọ ohun tí ó lé e, ó sì fi 'dé' parí rẹ̀, bí ẹni pé ẹni náà ti di ará ilé. Ní ọdún 1990, irú àwọn bẹ́ẹ̀ dé Orù, nítòsí Àgọ́-Ìwòyè ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, kò sì jìnnà sí Rẹ́mọ. Ogun Làìbéríà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ìparí 1989 ni ó lé wọn. Lẹ́yìn wọn ni àwọn ará Sierra Leone dé, ilẹ̀ tí àwọn baba wa ń pè ní Sàró.

Ní ilẹ̀ Làìbéríà fúnra rẹ̀, àwọn olórí ogun ti kọ́ ẹ̀kọ́ Úlì dáadáa. Wọ́n ń gba owó òde lọ́wọ́ ọkọ̀ ìrànwọ́, wọ́n ń yan ibi tí ó lè dé. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1996, nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Monrovia, wọ́n kó ọkọ̀ àwọn ẹgbẹ́ ìrànwọ́ lọ, ó ju 400 lọ, wọ́n sì fi wọ́n jagun. Lẹ́yìn èyí ni àwọn ẹgbẹ́ náà fohùn ṣọ̀kan pé ohun tí yóò gba ẹ̀mí là nìkan ni àwọn yóò máa mú wọ ilẹ̀ náà, láìsí ohun tí jagunjagun lè fẹ́. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní Goma ní 1994: àwọn tí ó pa ènìyàn ní Rwanda sá wọ ibùdó ogúnléndé, wọ́n di olórí níbẹ̀, wọ́n sì ń pín oúnjẹ fún àwọn tí wọ́n fẹ́. Ẹ̀ka Faransé ti ẹgbẹ́ oníṣègùn Médecins Sans Frontières, tí àwọn dókítà kan tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Bìáfrà wà lára àwọn tí ó dá a sílẹ̀ ní 1971, fi ibùdó náà sílẹ̀ ní ìparí ọdún yẹn. Fífi aláìsàn sílẹ̀ kì í ṣe ohun kékeré fún oníṣègùn.

Ogun Làìbéríà parí nígbà tí a fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní Accra ní oṣù Kẹjọ ọdún 2003. Ní oṣù Kejìlá, Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní kí àwọn jagunjagun mú ohun ìjà wá. Ẹni tí ó bá mú un wá yóò gba ọ̀ọ́dúnrún dọ́là, ní ìdá méjì, yóò sì kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Àwọn tí ó wá pọ̀ ju ẹni tí wọ́n múra dè lọ, wọ́n fẹ́ owó lójú ẹsẹ̀, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀, iṣẹ́ náà sì dúró títí di oṣù Kẹrin ọdún 2004. Nígbà tí ó fi parí, ó ju 100,000 ènìyàn lọ tí wọ́n kọ orúkọ wọn, bẹ́ẹ̀ ni ìbọn tí wọ́n gbà kò pé 30,000. Ìdí rẹ̀ ni pé 150 ọta ìbọn tó láti fi kọ orúkọ ẹnì kan sílẹ̀. Àwọn ọ̀gá ogun sì rí ọ̀nà láti pín ọta fún ẹbí àti ọ̀rẹ́ kí wọ́n lè gba owó, kí wọ́n sì bá wọn pín in. Àwọn ọmọdébìnrin tí wọ́n fi tipátipá kó lọ sójú ogun, tí kò ní ọ̀gá tí yóò fún wọn ní ọta, púpọ̀ nínú wọn kò rí nǹkan gbà. Mo mọ̀ pé ó rọrùn láti fi èyí rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀, ẹni tí ó wà ní ìdí ìbọn ni ó lè dá ogun padà. Bí a kò bá fún un ní nǹkan, kí ni yóò jẹ? Èyí ni ìdí tí n kò fi bá àwọn tí ó sọ pé ètò náà jẹ́ ìfiowóṣòfò lọ. Ogun ńlá kò padà sí Làìbéríà.

Sàró ni a ti rí apá kejì rẹ̀. Ogun tibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1991, ó parí ní 2002, jagunjagun tí ó lé ní 70,000 sì fi ohun ìjà sílẹ̀, wọ́n gba owó, wọ́n kọ́ iṣẹ́. Ní Freetown, ní ibùdó Murray Town, ni àwọn tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ wọn ti gé ń gbé, tí wọ́n ń wò wọ́n. Àjọ tí ìjọba yàn láti wádìí òtítọ́ kọ ọ́ sínú ìwé ní 2004 pé ó yẹ kí a san nǹkan fún àwọn tí a ṣe ní ibi. Ó kù díẹ̀ kí ọdún mẹ́wàá ó pé lẹ́yìn ìwé Lomé ti 1999 kí ọ̀pọ̀ wọn tó gba ohun àkọ́kọ́, tí kò ju bí ọgọ́rùn-ún dọ́là lọ. Ẹni tí ó gé ọwọ́ gba owó ṣáájú ẹni tí a gé ọwọ́ rẹ̀. Bí a bá ń sọ pé ìrànwọ́ kò dá ogun sílẹ̀ mọ́ ní Sàró, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí á má ṣe pe ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ẹni tí kò ní ọwọ́ tí yóò fi gbé ìbọn ní àlàáfíà.

Ṣé a lè pín in dáradára? Àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Fearon, Humphreys àti Weinstein, dán èyí wò ní àríwá Làìbéríà. Nínú àwùjọ 83, wọ́n ṣẹ́ gègé ní gbangba lójú gbogbo ènìyàn, gègé sì mú 42. Owó tí àwọn wọ̀nyí gbà, àwọn ará ìlú fúnra wọn ni ó yan ìgbìmọ̀ tí yóò ná an, lórí ilé ẹ̀kọ́, kànga tàbí ohun mìíràn tí wọ́n bá fẹ́. Lẹ́yìn tí iṣẹ́ parí, àwọn olùwádìí fún àwọn ará ìlú ní owó díẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n ní kí olúkúlùkù mú èyí tí ó wù ú sílẹ̀ fún ìlú, kí ó sì fi ìyókù sápò. Àwọn ìlú tí ó ti gba ìrànwọ́ náà dá owó ju àwọn yòókù lọ. Nígbà tí wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé ibi tí ọkùnrin àti obìnrin ti jọ dá owó ni èyí ti hàn. Níbi tí ó jẹ́ obìnrin nìkan, kò hàn.

Ní Sàró, irú ètò bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní GoBifo, èyí tí í ṣe 'ẹ tẹ̀síwájú' ní èdè Krio, kan ìlú 118, wọ́n sì fi 118 mìíràn wé wọn. Ọjà, ìyàgbẹ́ àti ibi tí a ń sá irè oko pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fún gbogbo ìlú ní tapólì ńlá kan láti wo bí wọn yóò ti lò ó, kò sí ìyàtọ̀: àwọn tí ó máa ń pàṣẹ tẹ́lẹ̀ ni ó ṣì ń pàṣẹ. Ẹni tí ó bá ń wá òfin kan tí yóò bá gbogbo ilẹ̀ mu kò ní rí i níhìn-ín. Ìwádìí ńlá kan tí Nunn àti Qian tẹ̀ jáde ní 2014 sọ pé àlìkámà tí Amẹ́ríkà ń fún àwọn orílẹ̀-èdè máa ń mú ogun abẹ́lé pọ̀ sí i. Àwọn mìíràn tún ìṣirò náà ṣe, wọ́n ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo rí di mú nínú gbogbo rẹ̀ ni gègé tí a ṣẹ́ ní gbangba. Ẹni tí gègé kò mú mọ̀ pé kì í ṣe nítorí ìdílé òun tàbí ìjọ òun ni kò fi kan òun. Àwọn baba wa mọ èyí. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í pín ogún nínú yàrá.

Orù ni kí n fi parí, nítorí ó sún mọ́ wa. Fún bí ọdún mẹ́tàdínlógún ni ibùdó náà fi wà. A bí ọmọ níbẹ̀, àwọn ọmọ náà sì gbọ́ Yorùbá. Nígbà tí àlàáfíà dé ilẹ̀ wọn, ọ̀pọ̀ padà; àwọn kan kò ní ilé tí wọn yóò padà sí. Ní 2007, Nàìjíríà, Làìbéríà, Sierra Leone, ẹgbẹ́ ECOWAS àti àjọ tí ń tọ́jú àwọn ogúnléndé fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan nípa àwọn tí ó fẹ́ dúró, a sì ti ibùdó náà pa ní ọdún yẹn. Dípò oúnjẹ ìpín, ìwé ni wọ́n gbà: orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti wá fún wọn ní ìwé ìrìnnà, Nàìjíríà sì fún wọn ní ìwé àṣẹ láti gbé àti láti ṣiṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ECOWAS. Ẹni tí ó gba ìwé náà lè wọ ọkọ̀ ní Orù, kí ó gba Ṣágámù, kí ó kọjá ní Ògijo, kí ó sì dé Èkó lọ wá iṣẹ́, kí ó tẹ́ ìwé rẹ̀ síwájú ẹni tí ó bá dá a dúró lójú ọ̀nà.